Kọ̀ǹpútà Inú Kọ̀ǹpútà ní Ilé Opó

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé Ummulkulthum ọmọ Alhaji Ṣéhù jẹ́ olórí kunkun, ẹ má gbà á gbọ́. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e níyàwó láti Kémta wá sí Ìjemọ̀ níbí la ti mọ̀ ọ́n, ohùn rẹ̀ kò sì ròkè rí ju ti ẹni tó jókòó tì í lọ. Ohun kan ṣoṣo ló máa ń bí i nínú: kí ẹ̀rọ kọ iṣẹ́, kó má sì sọ ìdí tó fi kọ̀. Nígbà náà ni ẹ óò rí i tí yóò ká ẹsẹ̀ kò lórí ibùsùn, tí kò ní í dá ẹnikẹ́ni lóhùn títí ẹ̀rọ náà yóò fi jẹ́wọ́.

Ummu ni gbogbo ilé ń pè é. Bàbá rẹ̀ ń ta páànù àti ìṣó ní Kémta, ó sì ti rò pé ọmọ tó kàwé iná mànàmáná ní yunifásítì yóò wá bá òun fi wáyà kún ọjà. Ọmọ kò bá ti wáyà wá. Ohun tó wà nínú fóònù ló fẹ́, àwọn nǹkan dúdú pẹlẹbẹ kéékèèké tí wọ́n ń pè ní ṣíìpù, tó jẹ́ pé àwọn ni ọpọlọ gbogbo ẹ̀rọ tí à ń lò lónìí. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ṣíìpù kì í kọ́kọ́ fọwọ́ kan irin kankan. Inú kọ̀ǹpútà ni yóò ti kọ ọ́ bí ẹni ń kọ̀wé, tí yóò ti dán an wò, tí yóò ti bá a jà, kó tó ránṣẹ́ sí àwọn tí yóò ṣe é lókè òkun. Àwọn irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe gbogbo èyí wúwo, wọ́n sì tún ń yan ilé: wọn kì í gbé inú irú kọ̀ǹpútà tí èmi àti ẹ̀yin ń lò. Nítorí náà, ẹni tí kò bá fẹ́ tú kọ̀ǹpútà rẹ̀ palẹ̀ yóò kọ́ kọ̀ǹpútà mìíràn sínú rẹ̀, irú èyí tí wọ́n fẹ́. Kọ̀ǹpútà inú yìí kò ní irin, kò ní ojú tirẹ̀. Fáìlì ńlá kan lásán ni, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ gbà pé kọ̀ǹpútà gidi lòun.

Ummu ní ọ̀kan. Ayálégbé ló sọ ọ́, nítorí pé ìdajì agbára onílé ló ń jẹ, kì í sì í san nǹkan kan.

Kọ̀ǹpútà tí ayálégbé yìí ń gbé kì í ṣe ti Ummu. Ti Zàíd ọkọ rẹ̀ ni. Zàíd ń ya àwòrán ilé fún àwọn tó ń kọ́lé, ìdí nìyẹn tó fi ra kọ̀ǹpútà alágbára. Lójú ọ̀sán, òun ló ni ín. Bó bá di ìrọ̀lẹ́ tí Ummu ti dé láti ilé-ìwé kan lọ́nà Òṣíẹ̀lẹ̀ tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò sáyẹ́ǹsì, Zàíd á gbé e fún un. Ó máa ń jókòó tì í, á ní kí ó ṣàlàyé ohun tó ń ṣe, oorun á sì gbé e lọ láàárín àlàyé. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n lò báyìí, wọn kò tíì bímọ. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, àìsàn kan tí a rò pé ibà lásán ni mú Zàíd, kò sì jẹ́ kó rí òjò.

Ẹ̀sìn ní kí opó jókòó sílé ọkọ rẹ̀ fún oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá. Ilé yìí wá fi tirẹ̀ kún un: opó kì í dá jókòó. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ wà ní yàrá pẹ̀lú rẹ̀ nígbà gbogbo, kí ìrònú má baà gbé e lọ. Àṣà rere ni, n kò bú u. Ṣùgbọ́n ẹni tó dá a sílẹ̀ kò ro ti obìnrin tó nílò kí ẹ̀rọ kan ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ láìsí ẹni tí yóò fọwọ́ kàn án.

Alhaja Bùsírátù, ìyá Zàíd, ló jókòó tì í. Ó ń ta ike àti kúlà ní ọjà Kútọ̀, ó sì mọ ọjà í tà dáadáa, ṣùgbọ́n nígbà tí àkọ́bí rẹ̀ kú, ó ti ṣọ́ọ̀bù pa, ó gbé ẹní rẹ̀ wá sí yàrá ìyàwó ọmọ rẹ̀. Yàrá kan náà ni wọ́n ń jí sí, àwo kan náà ni wọ́n fi ń jẹun. Bí Ummu bá lọ wẹ̀, Alhaja á dúró lẹ́nu ìlẹ̀kùn, á máa bá a sọ̀rọ̀ láti ìta. Bí omijé bá fẹ́ já bọ́ lójú rẹ̀, Alhaja á ti rí i kó tó jáde, á fà á mọ́ra, á ní, "Ó tó, ọmọ mi. Tí o bá ń sunkún, èmi ńkọ́?" Ummu á sì gbé ẹkún náà mì. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin Zàíd, kò tíì dá sunkún ọkọ rẹ̀.

Ilé-ìwé kì í bá ènìyàn ṣe opó. Nígbà tí sáà tuntun wọlé tí wọn kò rí Ummu, wọ́n gba ẹlòmíràn. Fọlákẹ́mi, àgbà olùkọ́ tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ló wá sọ fún un, òun náà ló sì fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ kan ní Èkó tó ń ṣe iṣẹ́ ṣíìpù. Ọ̀gá kan níbẹ̀ tó ń jẹ́ Jedidiah kọ̀wé sí Ummu lórí fóònù. Ó ní kó to àwọn irinṣẹ́ wọn sínú kọ̀ǹpútà inú kọ̀ǹpútà. Àwọn yóò fi fáìlì ṣíìpù kékeré kan ránṣẹ́ tó ní àléébù nínú. Kó wá àléébù náà, kó tún un ṣe, kó sì jẹ́ kí ìdánwò rẹ̀ ṣiṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí èsì bá dé ọwọ́ àwọn kí wọ́n tó ti ọ́fíìsì lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀, iṣẹ́ di tirẹ̀. Bí kò bá dé, àwọn mìíràn wà lẹ́yìn. Ilé ni wọn yóò ti máa ṣe iṣẹ́ náà, kò sí ìrìn Èkó nínú rẹ̀.

Ohun tí Ummu fẹ́ fi iṣẹ́ yìí ṣe kò pọ̀. Ó fẹ́ yàrá kan ní Òṣíẹ̀lẹ̀, yàrá kan péré, tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ yóò wà lọ́wọ́ òun nìkan. Ó fẹ́ ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ kí ó sunkún Zàíd títí ẹkún náà yóò fi tán, láìsí ẹni tí yóò ní ó tó. Fọlákẹ́mi nìkan ló sọ èyí fún. Kò lè sọ ọ́ fún Alhaja. Báwo lèèyàn ṣe ń sọ fún ìyá tó ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa torí ẹni, pé ibi tí ìyá náà kò bá sí lèèyàn ń wá?

Bẹ́ẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Etí fèrèsé nìkan ni nẹ́tíwọ̀kì ti ń wọ yàrá náà, ojú fèrèsé kò sì tọ́ sí opó kí àwọn ọkùnrin tó ń lọ sí mọ́ṣáláṣí má baà máa wò ó. Ó fi okùn so fóònù mọ́ irin fèrèsé, òun jókòó sẹ́yìn aṣọ ìkélé, àwọn irinṣẹ́ náà ń kán wọlé lẹ́sọ̀lẹ́sọ̀ bí omi inú páìpù àdúgbò. Nígbà tí wọ́n wọlé tán, wọ́n ń bá ara wọn jà. Ọ̀kan ní òun kò rí èkejì, èkejì ní ẹ̀dà tí òun ń bá ṣe kọ́ nìyí. Ó bá wọn parí ìjà. Ó fi kọ́kọ́rọ́ tí ilé-iṣẹ́ náà fi ránṣẹ́ ṣí wọn, kọ́kọ́rọ́ tí kì í ṣe irin, àwọn lẹ́tà àti nọ́ńbà gígùn kan ni, tí wọ́n so mọ́ nọ́ńbà ayálégbé. Kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ló ní nọ́ńbà tirẹ̀ bí ọkọ̀ ṣe ní. Kọ́kọ́rọ́ yìí kò ní í ṣí fún nọ́ńbà mìíràn. Ó rí àléébù inú ṣíìpù náà lọ́jọ́ kejì tí wọ́n fi ránṣẹ́, ó tún un ṣe. Ó ku ìdánwò tó gùn yẹn, èyí tó máa ń gba odidi ọ̀sán kan, tí a kò gbọdọ̀ dá dúró láàárín. Bí wọ́n bá dá a dúró, ìbẹ̀rẹ̀ lèèyàn ń padà sí.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti dé. Kò sí ọ̀sán kan tí àlejò kì í wá kí opó. Bí Alhaja bá ti gbọ́ sálámà lẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ rẹ̀ á ti wà lórí kọ̀ǹpútà.

"Ummu, àlejò."

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ni."

"Kó sinmi díẹ̀. Ìwọ náà sinmi. Kí ni wọ́n á wí? Pé ọkọ ẹ kú, ò ń wo sinimá?"

"Kì í ṣe sinimá, Mọ́mì."

"Èmi mọ̀. Àwọn ò mọ̀."

Yóò pa á dé. Ummu ti kọ́ ẹ̀rọ náà pé bí wọ́n bá pa á dé, kó má sùn, kó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n Alhaja kì í pa nǹkan dé lásán. Yóò fi ìborùn wé e, yóò ti irọ̀rí lé e lórí, kí ariwo fáànù inú rẹ̀ má baà dé etí àwọn tó wá ṣọ̀fọ̀. Ooru á mú un lábẹ́ irọ̀rí, ẹ̀rọ á pa ara rẹ̀, ìdánwò á dànù. Àwọn àlejò á jókòó, wọ́n á ní Ọlọ́run ló fúnni, Ọlọ́run ló gbà á, Ummu á ní àmín, ojú rẹ̀ á wà lára irọ̀rí. Òru ńkọ́? Iná kì í sí lóru, bátìrì kò sì lè gbé ayálégbé dé ìdajì iṣẹ́. Ìgbà tí ìdánwò náà ti kú lábẹ́ irọ̀rí léraléra, Ummu kò bínú mọ́. Ẹ̀rù ló ń bà á. Ó jókòó láàárín yàrá, ó ń wo ìlẹ̀kùn tí wọn kò tì, tí òun kò sì lè gbà jáde.

Lọ́jọ́ Àlàmísì tó ṣáájú Jímọ̀ yẹn, Fọlákẹ́mi wá kí i láàárọ̀. Ó dúró títí Alhaja fi lọ ṣe àlùwàlá fún ìrun wálíhà, ìrun ìyálẹ̀ta, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀.

"Gbé kọ̀ǹpútà yìí fún mi. Màá gbé e lọ ilé-ìwé, kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kàn án níbẹ̀."

"Àǹtí, ti Zàíd ni. Àáfà ti ní ohunkóhun tó jẹ́ tiẹ̀ ò gbọdọ̀ jáde nílé títí wọ́n á fi pín ogún."

"Ohunkóhun?"

"Bàtà ẹ̀ pàápàá."

"Ìyẹn ni pé kọ̀ǹpútà náà ń ṣe opó."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Ummu. Ó yára fi ọwọ́ bo ẹnu, ó wo ẹnu ọ̀nà bóyá ẹnìkan gbọ́. Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ yí padà, ó di Fọlákẹ́mi lọ́wọ́ mú.

"Ṣùgbọ́n ayálégbé kì í ṣe ti Zàíd. Èmi ni mo kọ́ ọ. Fáìlì ni, Àǹtí, ó lè jáde. Ẹ bá mi gbé e, kí ẹ gbé e sórí kọ̀ǹpútà ilé-ìwé, kí ẹ kàn tẹ ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì fi í sílẹ̀."

Fọlákẹ́mi ní disíkì kékeré kan nínú báàgì. Wọ́n fi wáyà so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, ayálégbé bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù. Ó kó tán, disíkì wọ báàgì. Alhaja dé láti ibi ìrun, ó bá wọn níbi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ nípa oyin àti ẹ̀fọ́rí. Nígbà tí àlejò fẹ́ máa lọ, Alhaja ní kò lè lọ lọ́wọ́ òfo, ó gba báàgì rẹ̀, ó to ọsàn kún un láti ìsàlẹ̀ dókè, disíkì wà lábẹ́ ọsàn. Fọlákẹ́mi kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, ó gbé báàgì náà mọ́ra títí ó fi dé ibi tó ti máa wọkọ̀. Ummu gbọ́ ìró ọkọ̀ náà bó ṣe ń lọ. Ó sọ fún wa lẹ́yìn ìgbà náà pé bí ẹni pé òun fúnra òun ló jókòó sínú báàgì yẹn ni.

Ẹ gbọ́ irú ènìyàn tí Fọlákẹ́mi jẹ́, kí ẹ tó bá a wí. Ọmọ kátíkíìsì ni, inú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n bí i sí. Lọ́jọ́ kan tó pẹ́ dé ibi iṣẹ́, tí ẹnikẹ́ni kò rí i, ó lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé pé òun pẹ́ dé o. Ọ̀gá náà kò mọ ohun tí yóò fi èyí ṣe. Irọ́ kì í gbé ẹnu rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀rọ ló bi í léèrè.

Ẹ̀rọ sì bi í léèrè. Nígbà tó gbé ayálégbé sórí kọ̀ǹpútà ilé-ìwé tó sì ní kó dìde, ìbéèrè kan jáde: kọ̀ǹpútà yìí kì í ṣe ibi tí mo wà tẹ́lẹ̀, ṣé ẹ ṣí mi kúrò níbẹ̀ wá síbí ni, àbí ẹ̀dà mi lẹ ṣe? Bí ènìyàn bá ní òun ṣí i wá, nọ́ńbà rẹ̀ àtijọ́ yóò wà lára rẹ̀. Bí ó bá ní ẹ̀dà ni, ẹ̀rọ yóò fún un ní nọ́ńbà tuntun, kí méjì má baà jẹ́ orúkọ kan náà. Ummu ìbá dáhùn láìronú pé mo ṣí i wá, nítorí ohun tí gbogbo àwọn oníṣẹ́ náà máa ń ṣe nìyẹn. Ṣùgbọ́n Fọlákẹ́mi ro ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Ó rántí pé èyí tó wà ní Ìjemọ̀ ṣì wà níbẹ̀, òun kò ṣí i. Ẹ̀dà ni òun gbé. Ó tẹ òtítọ́.

Ayálégbé jí pẹ̀lú nọ́ńbà tuntun, kọ́kọ́rọ́ ilé-iṣẹ́ sì kọ̀, ó ní òun kò mọ kọ̀ǹpútà yìí rí. Fọlákẹ́mi pe Ummu títí, fóònù orí irin fèrèsé ti kú, iná kò sí ní Ìjemọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ó pa á, ó tún un ṣí, ó tún gbogbo rẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì tún tẹ òtítọ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Àárọ̀ Jímọ̀ ni ìpè rẹ̀ wọlé. Àwọn ìyá ẹgbẹ́ àdúrà Alhaja kún yàrá nígbà náà, wọ́n wá kí opó kí wọ́n tó lọ múra fún Jímọ̀. Kọ̀ǹpútà wà lábẹ́ irọ̀rí. Ummu gbé fóònù sétí, ó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀.

"Àǹtí, ẹ̀dà lẹ tẹ̀?"

"Ẹ̀dà ló jẹ́ na."

Ummu mọ ohun tó kù: kó ka nọ́ńbà àtijọ́ fún un láti inú kọ̀ǹpútà tó wà lábẹ́ irọ̀rí, kí Fọlákẹ́mi fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ sí ibi tí tuntun wà. Bí kò bá ṣe é nísinsìnyí, ìdánwò kò ní í parí kí wọ́n tó ti ọ́fíìsì ní Èkó. Ó wo àwọn ìyá náà, ó wo Alhaja. Ó dìde. Ó gbé irọ̀rí kúrò, ó tú ìborùn, ó ṣí kọ̀ǹpútà lójú gbogbo àlejò.

"Ummu," Alhaja ní, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

"Ẹ foríjì mí, Mọ́mì. Díẹ̀ ni." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á díẹ̀díẹ̀ sínú fóònù. "Síírò, síírò. Síírò, síì. Tú, náìnì."

Ìyá àgbà kan tí etí rẹ̀ kò gbọ́ràn dáadáa gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ní, "Àmín." Ummu ń kà á lọ, ìyá náà ń ṣe àmín sí i, kò sì sẹ́ni tó rí ẹnu fi dá ọ̀kankan nínú wọn dúró.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Fọlákẹ́mi tún pè, ó ní ìdánwò parí, kò sí àléébù kankan mọ́, èsì sì ti dé ọ̀dọ̀ Jedidiah. Kò pẹ́ tí Jedidiah fúnra rẹ̀ kọ̀wé pé kó máa bọ̀ láàárín àwọn. Ummu kà á, ó tún un kà. Inú rẹ̀ dùn dé ibi pé ó ń bẹ̀rù kí ẹnikẹ́ni má baà rí ojú òun.

Alhaja rí i. Àwọn àlejò ti lọ látọ̀sán.

"Kí ni mo fẹ́ sọ fún wọn, Ummu? Wọ́n ń bi mí."

"Iṣẹ́ ni, Mọ́mì. Mo rí iṣẹ́. Ìdánwò ẹ̀ ni mò ń ṣe láti ọjọ́ yìí."

"Iṣẹ́. Nínú opó?"

"Wọn ò ní kí n jáde. Inú kọ̀ǹpútà ni gbogbo ẹ̀ wà. Ibikíbi tí mo bá jókòó sí ni mo ti lè máa ṣe é."

Ohun tó fẹ́ sọ tẹ̀ lé e wà lórí ahọ́n rẹ̀. Òṣíẹ̀lẹ̀ ló kàn. Ṣùgbọ́n Alhaja ti gbá ọ̀rọ̀ náà mú kí ó tó dé ibẹ̀.

"Ibikíbi? O ò ní í máa jí lọ ọ̀nà Òṣíẹ̀lẹ̀ mọ́?"

"Rárá, Mọ́mì."

"Kò sí Èkó níbẹ̀?"

"Kò sí."

Alhaja fi ìdí kàlẹ̀ lórí ẹní rẹ̀. Omijé ń dà lójú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí Zàíd ti kú. "Alhamdulillahi. Ọmọ mi, mi ò sùn mọ́ lálẹ́. Mò ń ro ó pé tí opó bá parí, kí ni màá fi dá ẹ dúró? Kò sọ́mọ tí màá fi bẹ̀ ẹ́. Mo ní ọjọ́ tó o bá jáde nílé yìí ni Zàíd tó kú. Ọlọ́run ló wá fi iṣẹ́ yìí ránṣẹ́."

Ibi tó yẹ kó ti sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ẹ má bi mí ìdí tí kò fi sọ ọ́. Ó bí èmi náà nínú nígbà tí mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ta ni nínú wa ni ìbá sọ ọ́? Ìyá náà di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ummu fi ọwọ́ lé e lórí, ó ní, "Ẹ má sunkún mọ́, Mọ́mì." Ó gbọ́ ara rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́.

Àwọn ọjọ́ tó kù nínú opó náà sáré kọjá. Ummu ń ṣiṣẹ́, kò sì sẹ́ni tó tún fi irọ̀rí bo kọ̀ǹpútà. Alhaja fúnra rẹ̀ ló ń dá àwọn àlejò dúró ní pálọ̀, á ní ìyàwó òun wà lẹ́nu iṣẹ́, iṣẹ́ òyìnbó ni, ẹ rọra. Usamah, àbúrò Zàíd, wá láti Ìbàdàn, ó gbé sólà sórí òrùlé. Nígbà tí wọ́n pín ogún, kọ̀ǹpútà bọ́ sí ìpín Alhaja. Kò jẹ́ kó tutù lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó fà á lé Ummu lọ́wọ́. Láàárín gbogbo èyí, Fọlákẹ́mi ti bá a rí yàrá ní Òṣíẹ̀lẹ̀, ó ní fèrèsé méjì, onílé rẹ̀ jẹ́ obìnrin jẹ́jẹ́. Wọ́n fi ìkólọ sí àárọ̀ tó tẹ̀ lé ọjọ́ tí opó bá parí. Ummu ní òun yóò sọ fún Alhaja kó tó di ọjọ́ náà. Ó ń sọ bẹ́ẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Opó parí. Wọ́n wẹ̀ fún un, wọ́n pa aṣọ rẹ̀ dà, wọ́n ṣàdúrà, bàbá rẹ̀ wá láti Kémta, ó bá Alhaja jókòó ní pálọ̀ fún ìgbà pípẹ́, ó sì lọ. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, Ummu kó aṣọ rẹ̀ sínú báàgì ńlá kan, ó tì í síbi ẹsẹ̀ ibùsùn, ó jókòó lórí rẹ̀, ó ń to ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ lẹ́nu. Fọlákẹ́mi ti kọ̀wé pé òun wà nínú kẹ̀kẹ́ lẹ́nu ọ̀nà.

Alhaja wọlé. Ojú rẹ̀ bọ́ sára báàgì, ojú náà sì là.

"Ta ló sọ fún ẹ? Mo ní kí Usamah má sọ fún ẹ, mo fẹ́ fi yà ẹ́ lẹ́nu ni."

Kí Ummu tó dìde tán, Alhaja ti gbé báàgì náà lérí, ó ti ń lọ. Ummu tẹ̀ lé e gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá, wọ́n dé yàrá tí Zàíd ti ń ya àwòrán rẹ̀. Wọ́n ti kùn ún lọ́dà. Tábìlì tuntun wà níbẹ̀, fáànù, iná sólà, àga tó ní ìfẹ̀yìntì. Nẹ́tíwọ̀kì ń wọ ibẹ̀ dáadáa, Alhaja ní Usamah ti dán an wò.

"Mo fi han bàbá ẹ lánàá. Wọ́n dúpẹ́ títí. Wọ́n ní ọkàn àwọn balẹ̀ báyìí, pé ibi tó yẹ kó o wà nìyí." Ó ṣí báàgì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi aṣọ Ummu kọ́ sínú kọ́bọ́ọ̀dù lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kó tó mú òmíràn. "Ṣé ó tẹ́ ẹ lọ́rùn?"

Ummu dúró lẹ́nu ọ̀nà. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti tò ló wà lẹ́nu rẹ̀, ó sì ń wo ọwọ́ ìyá náà lára aṣọ.

"Ó tẹ́ mi lọ́rùn, Mọ́mì. Ẹ ṣé."

Ó yí padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó tẹ fóònù. "Àǹtí, ẹ máa lọ. Ẹ bá mi bẹ onílé yẹn, kó fún ẹlòmíràn."

Nígbà tó padà wọlé, Alhaja ti kọ́ aṣọ tán, ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó ń fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀.

"Ibùsùn tèmi máa wà níbí," ó ní. "Usamah máa gbé e wá tó bá di ọ̀sán. Mi ò lè jẹ́ kó o dá wà."